ÌMỌ̀ ṢÁÁJÚ OÒGÙN: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ IṢẸ́ PÍPA KÒKÒRÒ NÍNÚ ILÉ ÀTI IBI IṢẸ́

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí púpọ̀ nínú yín ń rí káàkiri ìgboro ṣùgbọ́n tí ẹ kì í kà mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Iṣẹ́ náà ni pípa aáyán, ìdun, eku, ikán àti ẹ̀fọn nínú ilé àwọn ènìyàn, nínú ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Fùmígéṣọ̀n ni àwọn ènìyàn wa máa ń pè é.

Ìdí méjì ni a fi mú un wá. Èkíní ni pé iṣẹ́ náà kò gba owó púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé láìríṣẹ́ ni wọ́n sì ń wọ inú rẹ̀. Èkejì ni pé ó wà lára iṣẹ́ tí àìmọ̀kan ti lè pa odindi ìdílé kan mọ́jú. Ẹnikẹ́ni lè ra oògùn, kí ó gbé pọ́ọ̀ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, kí ó sì máa pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìmọ̀ ni oníṣẹ́ yìí ń tà, kì í ṣe oògùn. Ẹni tí ó ní oògùn lọ́wọ́ tí kò ní ìmọ̀, ewu ni ó gbé wọlé onílé.

1. IṢẸ́ YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN

Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé àwọn wolé-wolé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó yìí a máa wọ agbo ilé dé agbo ilé, wọn a sì máa yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí tanwíjí nínú omi rẹ̀ yóò fojú ba kóòtù. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ní ìdí.

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn burúkú kan tí eégbọn ara eku máa ń gbé wọ ara ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Ìjọba ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa eku, wọ́n sì ń wo àwọn ilé tó fún pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni eku ti ń rí ibi sá sí. Ọ̀rọ̀ àrùn yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi pe àrùn náà. Eku kan tó máa ń ti inú oko wọ inú ilé ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá bọ́ sórí gààrí tàbí oúnjẹ mìíràn ni àrùn fi ń ran ènìyàn. Ní ilẹ̀ wa níbí, àgbègbè Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí àrùn yìí ti ń jà jù. Nítorí náà, ẹni tó dí ihò eku nínú yàrá ìkóúnjẹ-sí ti ṣe lára iṣẹ́ dókítà.

2. MỌ OHUN TÍ O FẸ́ PA

Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Oògùn kan náà kò lè ran gbogbo wọn.

(a) Aáyán. Oríṣi méjì ni a sábà máa ń bá pàdé. Kékeré kan wà tó ní ìlà dúdú méjì lẹ́yìn ọrùn. Inú ilé ìdáná ni ó ń gbé, lẹ́yìn fìríìjì àti ní ibi tó bá móoru tó sì ní omi. Abo rẹ̀ a máa gbé àpò ẹyin kiri ní ìdí, ẹyin tó tó 30 sí 40 sì lè wà nínú àpò kan ṣoṣo. Ńlá tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni èkejì, láti inú gọ́tà àti kòtò omi ìdọ̀tí ni ó ti ń wọlé. Oògùn tí a fín kì í sábà wọ inú àpò ẹyin. Ìdí nìyí tí onílé fi máa ń gbá òkú aáyán kún páákà lọ́jọ́ kejì, tí inú rẹ̀ a dùn, ṣùgbọ́n tí yóò máa pariwo lẹ́yìn oṣù kan pé ayédèrú ni oògùn náà. Kì í ṣe ayédèrú. Àwọn ọmọ ni wọ́n pa jáde. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n yóò ti sọ fún un láti ọjọ́ kìíní pé òun ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

(b) Ìdun. Ìdun kò ní ìyẹ́, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ló ń bí i. Inú àpótí aṣọ, bẹ́ẹ̀dì àlòkù àti àga àlòkù ni ó ti ń wọ ilé. Ó lè wà fún oṣù púpọ̀ láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà yàrá tí a tì pa kò ní kí ìdun kú. Ọ̀pọ̀ ìdun ni oògùn tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò ràn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè fara da ooru. Ìwọ̀n ooru 50°C ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn, ẹ tú igi bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, ẹ wo oríkèé rẹ̀ àti etí bẹ́ẹ̀dì níbi tí wọ́n ti rán an. Ẹ sì tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ẹyin tó ṣẹ́kù yóò ti pa.

(d) Eku. Ihò tí pẹ́ńsù lè gbà kọjá tó fún eku kékeré láti wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti eku. Ẹni tó ń da oògùn eku sílẹ̀ láìdí ihò, eku gbogbo àdúgbò ni ó ń bọ́. Sìmẹ́ǹtì àti àwọ̀n onírin ni kí ẹ fi dí i, nítorí eku a máa jẹ igi àti ike. Ní ti oògùn, eku jẹ́ ẹ̀dá tó ń fura. Bí oògùn bá mú ọ̀kan lójú ẹsẹ̀ tí kò sì kú, kò ní fẹnu kan án mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo irú warfarin, tí wọ́n ti ń fi pa eku láti ọdún 1948, àti àwọn tó tẹ̀lé e. Ńṣe ni wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku dì, kì í sì í kú àyàfi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, ológbò àti adìyẹ náà kì í dì bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Inú àpótí tí a tì ni kí oògùn eku wà, kì í ṣe orí abọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

(e) Ikán. Ọ̀nà amọ̀ tí ẹ ń rí lára ògiri kì í ṣe ilé ikán, títì rẹ̀ ni. Ẹni tó fọ́ ọ̀nà náà tó sì fín oògùn sí àwọn tó rí, àwọn lébìrà nìkan ló pa. Ọba wọn obìnrin wà nínú ilẹ̀ tó ń yé ẹyin. Ìgbà tó dára jù láti kojú ikán ni kí a tó da kọnkéré ilẹ̀ ilé. Bí ilé bá ti dúró, oògùn tí ikán kò lè gbóòórùn rẹ̀ ni a ń lò, kí wọ́n lè fi ara gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù.

(ẹ) Ẹ̀fọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ẹ̀fọn ń di ẹ̀fọn tó ń fò. Fífín yàrá ń pa èyí tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà nìkan. Ẹni tó ń da omi inú táyà àlòkù, agolo àti ìkòkò òdòdó nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pa ẹ̀fọn ní tòótọ́.

3. ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

Èkíní, bèèrè. Kí ni wọ́n rí? Níbo? Ìgbà wo? Kí ni wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀? Ṣé aboyún, ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée wà nílé?

Èkejì, wò. Tọ́ọ̀ṣì ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe pọ́ọ̀ǹpù. Ẹ wo ẹ̀yìn sítóòfù, abẹ́ síǹkì, òkè àjà, ìdí páìpù. Ẹ wo ìgbẹ́, àpò ẹyin àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Ẹ̀kẹta, dí ihò, kí ẹ sì sọ ohun tí onílé gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Síǹkì tó ń jò, ìdọ̀tí tó sùn mọ́jú, àpò ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀: bí wọ́n bá fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, owó wọn ti ṣòfò.

Ẹ̀kẹrin, yan oògùn tó kéré jù tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ilé ìdáná, oògùn aáyán tó rí bí lẹ́ẹ̀, tí a ń tò sínú kọ̀rọ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, sábà máa ń sàn ju fífín lọ. Aáyán tó bá jẹ ẹ́ yóò kú sínú ihò, àwọn mìíràn yóò jẹ òkú àti ìgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà yóò sì kú. Ẹ má ṣe fín oògùn mìíràn lórí rẹ̀, nítorí aáyán kò ní súnmọ́ ọn mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, padà lọ wò ó. Iṣẹ́ tí a kò padà lọ wò kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ibi méjì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ilé búrẹ́dì bá pè yín, ẹ mọ̀ pé ooru ààrò àti ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀ ni aáyán wá jẹ. A kì í fín oògùn níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Ẹ ní kí wọ́n gbé àpò sórí pákó kí ó kúrò nílẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ògiri, kí ẹ lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo lẹ́ẹ̀ nínú àwọn ihò. Bí ó bá sì jẹ́ mọ́ṣáláṣí, ẹ rántí pé iwájú orí àti imú àwọn ènìyàn ni yóò kan kápẹ́ẹ̀tì náà. Ìdí ògiri, ẹnu ọ̀nà àti ibi ìkóbàtàsí ni ẹ ó tọ́jú. Ẹ kó gbogbo búta àlùwàlá kúrò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ tí afẹ́fẹ́ yóò sì fẹ́ ibẹ̀ dáadáa.

4. OÒGÙN TÓ Ń PA ÈNÌYÀN

Ẹ fetí sí apá yìí dáadáa, ẹ̀yin ará wa.

Ọ̀kan ni dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Sniper, tó sì tún wà nínú ọ̀tapíápíá tí wọ́n ń pò fúnra wọn. Oògùn oko ni, kì í ṣe oògùn yàrá. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n má ṣe tà á ní ọjà gbangba àti súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́, nítorí àwọn tó ń gbé e mu láti pa ara wọn àti àwọn tó ń lò ó lọ́nà àìtọ́. Àjọ náà sì ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń dà á sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Iṣan ara ni oògùn yìí ń bá jà, ti aáyán àti ti ènìyàn bákan náà. Ẹni tó bá mú, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, yóò làágùn, yóò máa bì, ẹyinjú rẹ̀ yóò sún kì, èémí yóò sì nira fún un.

Èkejì ni oògùn oníhóró tí àwọn oníṣòwò àgbàdo àti ẹ̀wà ń fi sínú àká. Nígbà tí ó bá kan ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, gáàsì phosphine ni ó ń tú jáde. Ohun tí a ń pè ní fùmígéṣọ̀n ní tòótọ́ nìyí: kí a fi gáàsì kún ibi tí a dí pa. Fífín lásán kì í ṣe fùmígéṣọ̀n. Àwọn kan a máa fi hóró yìí sínú yàrá nítorí ìdun tàbí eku, tí wọn a sì ti ilẹ̀kùn. Gáàsì náà lè gba ihò ògiri àti òkè àjà kọjá sí yàrá kejì, kí ó sì bá ọmọ aládùúgbò lójú oorun. Kò sí oògùn tó ń pa ipá rẹ̀. A ń sọ ọ́ láìfi bò: oníṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi hóró yìí sínú ilé tí ènìyàn ń gbé.

Bí májèlé bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ aṣọ tó rin, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ ara rẹ̀. Ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Àbẹ́rẹ́ wà fún dichlorvos bí wọ́n bá tètè gbé e dé.

Ẹ má ṣe gbé oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi láé. Ọmọdé kò mọ̀wé kà, ìgò ni ó mọ̀.

5. ÌWỌ̀N ÀTI AṢỌ IṢẸ́

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni òfin oníṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ 10ml sí lítà omi kan, pọ́ọ̀ǹpù lítà 16 yóò gba 160ml, kò gbọdọ̀ lé, kò sì gbọdọ̀ dín. Èyí tó bá lé, onílé ni yóò fà á símú. Èyí tó bá dín kò ní pa kòkòrò tó lágbára, àwọn yẹn ni yóò sì bí ọmọ tí oògùn kò ní ràn mọ́. Ẹ ra ife ìwọ̀n. Ẹ má fi ìdérí ìgò tàbí ojú lásán wọ̀n ọ́n. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò kí ẹ tó san owó.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà rọ́bà, ẹ̀wù alápá gígùn, awò ojú àti ìbòmú tó ní ohun tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kì í ṣe fáàrí. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Ẹ má jẹun, ẹ má mu omi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ yín, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀.

6. ÌFỌKÀNTÁN

Oníṣẹ́ mìíràn, ẹnu ọ̀nà ni ó ń dúró sí. Oníṣẹ́ yìí a máa wọ yàrá, a máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a sì máa rí àṣírí ilé. Ohun tó rí níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ìdun wà nílé rẹ̀ ń tijú. Kò yẹ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò.

Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀nà ńlá wà fún yín nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni kò fẹ́ kí ọkùnrin àjèjì wọ yàrá òun nígbà tí ọkọ òun kò sí nílé, wọn a sì fẹ́ kí obìnrin bíi tiwọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ súnmọ́ fífín. Ó lè máa yẹ ilé wò, kí ó máa kọ ìwé, kí ó sì máa kọ́ onílé.

Ẹ sọ òtítọ́ fún oníbàárà. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí ẹ lò, ìwọ̀n rẹ̀ àti wákàtí tí wọ́n lè wọlé padà sínú ìwé fún un. Ẹ má sọ pé kòkòrò kò ní padà wá láéláé, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wo ilé tán tí ẹ sì rí i pé gbígbá ilẹ̀ àti dídí ihò ti tó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ gba owó àyẹ̀wò nìkan. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni halaali, onílé náà yóò sì rán ẹlòmíràn sí yín.

7. BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ẹ wá ọ̀gá tó ń ka ara ìgò kí ó tó po oògùn, ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbádùn ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísìrì nílé ìwé yóò rí i pé wọn kò ṣòfò. Kí ẹ tó dá dúró, ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, àwọn arọ́pò wolé-wolé, kí ẹ bèèrè ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ yín ń béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ yìí. Tọ́ọ̀ṣì, ife ìwọ̀n, aṣọ iṣẹ́ àti pọ́ọ̀ǹpù tí kò jò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó rà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí aáyán fi ń padà wá lẹ́yìn tí a ti fín ilé lẹ́ẹ̀kan?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín fífín oògùn àti fùmígéṣọ̀n gan-an?
3. Àkọlé ìgò ní 5ml sí lítà omi kan. Mélòó ni pọ́ọ̀ǹpù lítà 16 yóò gbà?
4. Oníbàárà kan ní kí o fi oògùn oníhóró sínú yàrá rẹ̀ nítorí ìdun, yóò sì san ìlọ́po méjì. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un, kí sì ni ìwọ yóò ṣe dípò rẹ̀?
5. Ẹ wo ilé yín lálẹ́ òní pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ihò mélòó ni ẹ rí? Ẹ mú èsì wá sí ìpàdé.

Ó di oṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.